Ilé Ọmọ́délé Ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí àga ná, ká tó kí ẹni tó ń jókòó lé e. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Jósẹ́fù Mímọ́ ní Igbóemi, létí ọ̀nà tó ti Ayétòrò lọ sí Eggua, àga kan wà níwájú pátápátá, lápá ọ̀tún pẹpẹ. Ó ní tìmùtìmù pupa, ó ní ìgbápálé, wọ́n sì máa ń fi aṣọ funfun bò ó láti ọjọ́ Ajé títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kí eruku má baà kàn án. Àga Fadá kò ní tìmùtìmù. Pákó lásán ni àga Fadá. Àlejò tó bá wọlé a máa rò pé Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé àga náà kalẹ̀ fún. Rárá o. Alfred Ọmọ́délé ló ni ín, alága ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà ti Igbóemi.

Alága ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bó bá ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ni yóò ṣíwájú rẹ̀ gbé báàgì, ẹnì kan yóò tẹ̀lé e gbé Bíbélì, òun fúnra rẹ̀ kò ní gbé nǹkan kan àfi ikùn. Bó bá wúkọ́ níbi ìpàdé, Caleb akọ̀wé a sáré dìde, a ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ikọ́ àgbà, ìmọ̀ràn ni.” Gbogbo ìgbìmọ̀ a sì gbè é pé, “Ìmọ̀ràn ńlá!” Lọ́jọ́ tó pẹ́ dé Mísà, ó ní kí wọ́n tún Ìhìn Rere kà. Ó ní Ìhìn Rere tí alága kò gbọ́, ta ló gbọ́ ọ? Fadá Ìtẹ́olúwakìíṣí, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tí wọn ò tíì fi joyè àlùfáà pẹ́, tó ń gun ọ̀kadà wá bá wọn láti Ayétòrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tún un kà. Ó ní òun kò lè torí ẹsẹ díẹ̀ nínú Máàkù bá àgbàlagbà jà.

Báyìí ni nǹkan ń lọ kí iṣẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù dé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Igbóemi, abẹ́ páríìṣì àwọn ẹlòmíràn ló wà. Fadá kò gbébẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń kú lọ ní láti ṣe sùúrù kí wọ́n tó lọ pe Fadá wá ta á lóróró. Àmọ́ ìjọ ti dàgbà, àwọn ará oko apá Afọ̀n ń wá, àwọn tó ń tà tó ń rà ní bọ́dà ń wá, ilé kò gba èrò mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù wá ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́, òun ń bọ̀ wá sọ Igbóemi di páríìṣì tó dá dúró, tí Fadá tirẹ̀ yóò máa gbé níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ìtàn ìjọ fún òun. Ó ní bí wọ́n bá ní òkúta ìrántí, òun yóò bá wọn yà á sí mímọ́. Ó wá ní ohun tó wu òun jù ni láti fi etí ara òun gbọ́ orin ọ̀wẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí òun ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ páríìṣì dùn mọ́ Alága. Ọ̀rọ̀ òkúta dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ọ̀rọ̀ orin ló há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Ó pe ìpàdé. Ó dìde, ó fa agbádá sókè, ó wo òrùlé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tibẹ̀ kán sí lẹ́nu.

“Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ọlọ́lá,” ó ní, “ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtidàgbà! Ìjọ tí kò bá mọ baba rẹ̀, kí la ó pè é? Ta ni baba ìjọ yìí? Ta ló dá a sílẹ̀? Èmi ò ní sọ ọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ò jẹ́ n sọ ọ́. Caleb, sọ ọ́.”

“Bàbá yín ni, sà,” ni Caleb wí.

“Ẹ gbọ́ bí? Kì í ṣe èmi ló sọ ọ́.”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, àfi Àṣìkẹ́. Àṣìkẹ́ ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, òun ló sì ń dá orin. Obìnrin tí kì í pariwo ni, àmọ́ tó bá ti bi ìbéèrè kan, ó ní láti gbọ́ ìdáhùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ilé Ọdẹkúnlé kọ́ ló fún wa nílẹ̀ ni?”

“Ilẹ̀ ti wà kí wọ́n tó fún yín,” ni Alága dáhùn. “Ọlọ́run ló dá ilẹ̀. Ẹ má gba iṣẹ́ Ọlọ́run fún ilé Ọdẹkúnlé.”

“Amọ̀ ńkọ́? Ṣebí ilé Bàrúwà ló po ó, tàwọn ti pé Mùsùlùmí ni wọ́n.”

“Amọ̀ kì í dá nǹkan sílẹ̀, Àṣìkẹ́. Ìrònú ló ń dá nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń po amọ̀, bàbá mi wà nínú ilé, ó ń ronú.”

Alága wúkọ́ lé e. “Ìmọ̀ràn ńlá!” ni ìgbìmọ̀ wí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jẹ ọkùnrin náà nínú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́, kí ẹ lè fi í rẹ́rìn-ín bó ti yẹ. Nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, Fadá òyìnbó kan tó ń gun alùpùpù kiri ìgbèríko sọ fún àwọn ará Igbóemi pé kí wọ́n wá ibi kan kọ́ láti máa gbàdúrà. Wọ́n dá ọ̀wẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀wẹ̀ Igbóemi sì ní bí wọ́n ti ń ṣe é: adárin yóò ṣíwájú, èrò yóò tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé, wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọn yóò pe ilé náà lórúkọ, àwọn ará ibẹ̀ yóò sì jáde wá bá wọn lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ṣe ni wọ́n ń fi sínú orin. Báyìí ni orin náà ṣe lọ:

Ilé Ọdẹkúnlé ńkọ́?
Wọ́n fún wa nílẹ̀!
Ilé Bàrúwà ńkọ́?
Wọ́n po amọ̀!
Ilé Aláró ńkọ́?
Wọ́n ru omi!

Ó wá ku ilé Ọmọ́délé. Bàbá Alága lowó ju gbogbo wọn lọ. Òun ni Fadá kọ́kọ́ rì bọmi, orí ìjókòó àkọ́kọ́ ló sì wù ú láti máa jókòó. Ṣùgbọ́n agbádá rẹ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àjàṣẹ́ dé ni, ó sì ní òun kò lè jẹ́ kí amọ̀ ta sí i. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ èrò, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n pè é títí. Kò dáhùn. Adárin wá bi í lórin, èrò sì dáhùn fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pà, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé:

Ilé Ọmọ́délé ńkọ́?
Wọ́n tilẹ̀kùn!

Alfred ọmọ kékeré wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọjọ́ náà. Ó fojú kan àlàfo pákó, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ para dé orí, tí inú wọn ń dùn. Ó wù ú kó jáde. Bàbá rẹ̀ gbá a létí. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí orin yẹn kò ti lé e dé. Wọ́n kọ ọ́ sí i nílé ìwé. Wọ́n kọ ọ́ nígbà tó ń gbéyàwó. Nígbà tó di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó wálé pẹ̀lú mọ́tò, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lójú ọ̀nà pàtẹ́wọ́ kan, pà. Ó dùn ún. Ó dùn ún gan-an ni. Kàkà kó wá kó amọ̀ lọ́jọ́ kan, kí orin náà yí padà, àga ló ń kó jọ. Òkúta tí Bíṣọ́ọ̀bù bá yà sí mímọ́ ni yóò pa orin náà lẹ́nu mọ́ títí láé. Ohun tó ń wá nìyẹn.

Kò lè fòfin de orin tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́. Ó pinnu láti tún un kọ.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, ó kó àwọn ìyá jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí tìmùtìmù pẹ̀lú aago kékeré lọ́wọ́. Ilé Ọmọ́délé ló bọ́ síwájú báyìí. Bí Àṣìkẹ́ bá ti ní, “Ilé Ọmọ́délé ńkọ́?” ègbè gbọ́dọ̀ dáhùn pé, “Àwọn ló dá a sílẹ̀!” Ẹni tó bá ṣèèṣì pàtẹ́wọ́, aago a dún.

“Ta ló pàtẹ́wọ́ yẹn?”

“Ẹ̀fọn ni mo pa, sà,” ni ìyá kan wí.

“Ẹ̀fọn kò sí nínú orin ìdílé mi! Ẹ tún un kọ!”

Wọ́n tún un kọ títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ègbè dùn, ègbè gún. Alága fi aṣọ ìnujú nu ojú, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, Àṣìkẹ́ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kọ́ ni orin yìí o. Òun ni ilé Bàrúwà fi kọ́ mọ́ṣáláṣí. Òun ni wọ́n fi ń tẹ gaàrí ní ìsàlẹ̀ ọjà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.”

“Àṣìkẹ́, ta ló ń gberin lọ́jọ́ àjọ̀dún Àgùdà bí kò ṣe Àgùdà?”

“Àwọn àlejò ńkọ́?”

“Àlejò ń wòran ni. Àlejò kì í gberin.”

Kí ló wá ṣe lẹ́yìn èyí? Ẹ gbọ́ ìwà àgbà. Nítorí pé ògo tí ojú kò rí kì í ṣe ògo, ó fúnra rẹ̀ gun ọkọ̀ kiri ìlú, ó ń pe gbogbo ayé. Ó pe ìyálọ́jà, ó pe àwọn ọlọ́kadà, ó pe àwọn oníbọ́dà tó ń fi èdè Faransé kí èèyàn ní bọ́ńjúù. Ó dé ilé Bàrúwà, ó ní abẹ́ ìbòòrùn tó súnmọ́ Bíṣọ́ọ̀bù jù lọ ni òun yóò fi wọ́n sí, kí Bíṣọ́ọ̀bù lè rí i pé Mùsùlùmí pàápàá ń bọlá fún òun. Ìyá Hùmúàní, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, tó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà tí wọ́n ń po amọ̀, bi í pé, “Ṣé ẹ ó kọ orin wa?”

“A ó kọ ọ́, Ìyá.”

“Á à, mò ń bọ̀ nìyẹn. Toheebat, bá mi wá aṣọ mi sílẹ̀.”

Toheebat ọmọ ọmọ rẹ̀ wo Alága lójú, ó rẹ́rìn-ín sínú ìborùn. Alága rò pé ìbọ̀wọ̀ ni.

Ọjọ́ pé. Èrò tí Igbóemi kò rí irú rẹ̀ rí kún ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Bíṣọ́ọ̀bù ṣe Mísà, ó kéde páríìṣì tuntun, àwọn obìnrin bú sẹ́kún ayọ̀. Òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ bò ó, Caleb dúró tì í. Alága ti pàṣẹ fún un pé bí orin bá ti parí gẹ́lẹ́ ni kó ṣí aṣọ, kó má dúró gbọ́ nǹkan mìíràn. Alága wá gba máìkì, ó sọ ìtàn ìjọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì. Nígbà tó fi máa dé orí bàbá rẹ̀, oorun ti ń gbé àwọn abẹnugan. Ó ní bàbá òun ló ronú kan ìpìlẹ̀, ó ronú kan ògiri, ó ronú kan páànù. Fadá Ìtẹ́olúwakìíṣí tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

“Alága, a dúpẹ́,” ni Bíṣọ́ọ̀bù wí nígbẹ̀yìn. “Orin náà ńkọ́?”

Àṣìkẹ́ dìde. Ó wo Alága, ó wo abẹ́ ìbòòrùn ilé Bàrúwà, ó mí kanlẹ̀. Ó gbé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ:

“Ilé Ọmọ́délé ńkọ́?”

Àwọn ìyá la ẹnu, wọ́n ní, “Àwọn ló…” Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èyí tó kù. Láti abẹ́ ìbòòrùn ilé Bàrúwà, láti ẹ̀gbẹ́ àwọn ọlọ́kadà, láti orí odi tí àwọn ọmọdé jókòó lé, ìlú dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ́wọ́ kan sì dún, pà:

“Wọ́n tilẹ̀kùn!”

Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá kí yín pé “ẹ kú àárọ̀”, kí lẹ ó fi dáhùn? Ẹnu ló mọ ìdáhùn rẹ̀.

Àgbà tó gbọ́n ì bá fi ẹ̀rín bò ó. Alága kì í ṣe àgbà yẹn. Ó fò dìde lórí tìmùtìmù, ó ju ọwọ́ sókè. “Àṣìṣe ni! Olúwa mi Bíṣọ́ọ̀bù, àṣìṣe ni! Ẹ tún un kọ! Gbogbo yín ni kí ẹ kọ ọ́! Kó rinlẹ̀!”

Àṣìkẹ́ kì í ṣàìgbọràn sí àgbà. “Ilé Ọmọ́délé ńkọ́?”

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìyá pàápàá gbàgbé ara wọn. Akọrin gbàgbé ara wọn. Ẹnu Caleb ṣí fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà lára èyí tó ròkè jù. “WỌ́N TILẸ̀KÙN!” Àtẹ́wọ́ dún bí ààrá. Orin parí. Caleb sì rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó fa aṣọ kúrò lórí òkúta. Lẹ́tà ńláńlá aláwọ̀ wúrà ló wà níbẹ̀: “Olóògbé Pa Ọmọ́délé, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìjọ yìí sílẹ̀.”

Àwọn tó mọ̀wé kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé abẹ́ ìbòòrùn kejì, ó dé ojú títì. Ọlọ́kadà kan ṣubú lórí ọ̀kadà tó dúró jẹ́ẹ́.

Bíṣọ́ọ̀bù fara ti ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀, ó bi ìyá tó súnmọ́ ọn jù. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn wo ni wọ́n tì?”

Ìyá Hùmúàní kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. “Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn ni, Bàbá. A pè wọ́n títí lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí fún ọmọ kékeré tó wà nínú ilé. Mo ń rí ojú rẹ̀ lẹ́yìn pákó. Ó fẹ́ bá wa ṣeré.”

Alága wúkọ́. Kò sẹ́ni tó rí ìmọ̀ràn níbẹ̀. Ó wo Caleb, Caleb ń wo ojú ọ̀run. Ó tún wúkọ́.

“Ẹ fún un lómi,” ni Ìyá Hùmúàní wí.

Bíṣọ́ọ̀bù kò bu omi ìyàsímímọ́ sórí òkúta. Ó ní, “Gbogbo ilé tí orin dárúkọ, kí wọ́n jáde wá, kí n gbàdúrà fún wọn.” Ilé Ọdẹkúnlé jáde, ilé Aláró jáde, ilé Bàrúwà jáde pẹ̀lú fìlà wọn àti tẹsùbáà wọn. Orin dárúkọ ilé Ọmọ́délé náà, àmọ́ Alága padà jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bíṣọ́ọ̀bù kéde, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé níwọ̀n bí Igbóemi ti di páríìṣì, ìgbìmọ̀ àtijọ́ ti tú ká, kí wọ́n yan òmíràn. Páríìṣì tí Alága ti ń wá lójú méjèèjì ló gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tí wọ́n yan ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀. Caleb ti ń kí ẹlòmíràn pẹ̀lẹ́ ikọ́. Wọ́n gbé tìmùtìmù pupa sórí àga Fadá, wọ́n dojú òkúta délẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn bíríkìlà ń po sìmẹ́ǹtì lórí rẹ̀, nítorí ilé tí Fadá yóò máa gbé ti kan wọ́n láti kọ́. Alfred Ọmọ́délé wọ ilé bàbá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ilé Fadá pé. Ó ń gbọ́ wọn láti òkèèrè. Wọ́n dé ilé Ọdẹkúnlé, wọ́n dé ilé Bàrúwà. Ó jókòó sí yàrá, ó fọwọ́ di etí. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ èrò dúró níwájú ilé rẹ̀. Àṣìkẹ́ pe ilé náà lórúkọ bí àṣà ti wí.

“Ilé Ọmọ́délé ńkọ́?”

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, Alfred ti yọwọ́ létí. Irú ìwọ̀sí wo lèyí? Ó fò dìde, ó fa ilẹ̀kùn yà gbàgà, ó bọ́ síta pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

“Ẹ̀yin ará Igbóemi!” ó ké. “Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtidàgbà! Títí dìgbà wo ni orúkọ ìdílé yìí yóò fi…”

Àtẹ́wọ́ kankan kò dún. Wọ́n ń wò ó, ọwọ́ tí wọ́n gbé sókè láti pàtẹ́wọ́ ṣì wà lófuurufú. Látìgbà tí orin náà ti wà, ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí rí lẹ́yìn ìpè. Orin kò ní ìdáhùn fún un.

Àṣìkẹ́ súnmọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù kan wà lórí òṣùká lórí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbé òṣùká lé Alfred lórí, Toheebat sì bá a gbé búlọ́ọ̀kù lé e. “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ń dúró dè wá. Ẹ máa sọ ọ́ bá a ti ń lọ.”

Ó fẹ́ kọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbá búlọ́ọ̀kù mú kó má baà já lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì dà sí i lágbádá, ó dà sí i lójú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: “…gẹ́gẹ́ bí mo ti ń wí, ìrònú bàbá mi…”

Orin ti rí ìdáhùn kó tó dé ojú títì. Òun ni wọ́n ń kọ ní Igbóemi títí dòní, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó bá sì kọjá níbẹ̀ á gbọ́ ọ:

Ilé Ọmọ́délé ńkọ́?
Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn! Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ!